Orí fìríìjì ni mo ti bẹ̀rẹ̀

Ìyá wa, ẹ kú ìnira. Ẹẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní àkọ́bí yín tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 kì í gbé fóònù sílẹ̀, pé àwọn àbúrò rẹ̀ kì í sùn títí aago 11 alẹ́ á fi lù, pé wọn kì í sì fẹ́ jẹun bí kò bá sí mínírà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ẹ ti pariwo, ẹ ti nà wọ́n, ẹ ti ti fóònù mọ́ inú àpótí, kò sí èyí tó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn tó dáhùn ṣáájú mi ní kí ẹ rántí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òótọ́ ni. Àmọ́ òwe yẹn kò sọ ẹni tí yóò kọ́ ẹni tó kọ́lé, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà tèmi wà.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Ìbàdàn la ń gbé, mo ní ìsọ̀ prófíṣọ̀n kékeré kan, Èkó ni bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ Jímọ̀ ló máa ń wọlé. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún 4 nígbà náà, ń ṣe eré ìyá-àti-ọmọ pẹ̀lú ọmọ aládùúgbò wa. Òun ni ìyá. Ó mú ẹsẹ̀ kan sálúbàtà bàbá rẹ̀, ó gbé e síwájú ojú, ó ń fi àtàǹpàkò pa á sókè sódò. Ọmọ kejì ní, "Mọ́mì, ebi ń pa mí." Tèmi kò gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé o ò rí i pé mò ń ṣe nǹkan ni? Mò ń bọ̀." Ohùn mi ni. Ó tiẹ̀ pòṣé bí mo ṣe máa ń pòṣé.

Mo rẹ́rìn-ín, mo sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi bí àwàdà. Ìgbà tí mo dùbúlẹ̀ lálẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára.

Lọ́jọ́ kejì mo bu ẹ̀wà sínú àwo, mo gbé abọ́ òfìfo tì í. Láti aago 6 ìrọ̀lẹ́ tí mo ti ìsọ̀ dé, ìgbàkígbà tí mo bá gbé fóònù, mo ń ju ẹ̀wà kan sínú abọ́ yẹn. Kí àwọn ọmọ tó sùn, ẹ̀wà 41 ló wà nínú rẹ̀. Mi ò lè bá a jiyàn, èmi ni mo jù ú síbẹ̀. Fóònù Android lè bá yín kà á, ibi tí wọ́n kọ Digital Wellbeing sí ni kí ẹ wò. Ti iPhone ni Screen Time. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba tèmi, ẹ lo ẹ̀wà. Nọ́ńbà orí fóònù kì í dun ènìyàn tó èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn ìyẹn kò bọ́gbọ́n mu rárá. Mo ra káàdìbọ́ọ̀dù, mo kọ òfin 14 sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀: aago tí wọ́n á jí, aago tí wọ́n á ka kéú, aago tí wọ́n á fọ aṣọ iléèwé, gbogbo rẹ̀ pátá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò. Lọ́jọ́ kẹwàá, àkọ́bí mi dúró síwájú rẹ̀, ó kà á tán, ó ní, "Mọ́mì, èwo ni tiyín níbẹ̀?" Mo gbá a létí. Kì í ṣe pé ó ya aláfojúdi ni mo ṣe gbá a. Kò sí tèmi níbẹ̀ lóòótọ́ ni.

Mo ya káàdìbọ́ọ̀dù náà sọ nù. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá mú: láti ìgbà tí ládàánì bá pe ìrun Màgàríbì títí a ó fi kí Íṣáì, fóònù tèmi á wà lórí fìríìjì, nínú agolo bisikíìtì. Tèmi nìkan. Mi ò mẹ́nu kan ti ọmọ kankan. Ìdí tí mo fi mú àkókò yẹn ni pé kò pé wákàtí kan ààbọ̀ láàárín ìrun méjèèjì níbí yìí, mo sì mọ̀ pé apá mi ká ìyẹn. Mi ò ní láti máa ṣọ́ aago. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ládàánì á ṣáà pè. Bí ẹ bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ẹ so tiyín mọ́ àdúrà alẹ́, tàbí mọ́ ìgbà tí ẹ bá ń bu oúnjẹ. Ohun tí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́ láìrò ó tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe èèkàn, kí ẹ wá so tuntun mọ́ ọn. "Mo máa dín fóònù kù" kò ní èèkàn, ìdí nìyẹn tó fi máa ń já.

Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde lọ síbi fìríìjì, tí mo díbọ́n pé omi ni mo fẹ́ mu. Ọwọ́ mi ń yún mi. Àwọn ọmọ rò pé ara mi kò yá ni. Èyí àárín tiẹ̀ fọwọ́ kan ọrùn mi wò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo tó ní kí wọ́n kó tiwọn náà sínú agolo. Àkọ́bí bínú o, ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀ sọ, nítorí tèmi ti ń sùn níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. A wá fi kóló kan síbẹ̀: àgbà tó bá fọwọ́ kan fóònù kí Íṣáì tó tó á san 100 náírà, ọmọdé 20. Owó bàbá wọn ló pọ̀ jù nínú kóló yẹn nígbà tí a fọ́ ọ nígbà Iléyá. Ó ní ìpè ibi iṣẹ́ ni. A gbà pé ìpè ibi iṣẹ́ ni, ó sì san án.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa o: bí ẹ bá gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ kò fi nǹkan mìíràn dípò, ìjà ni wọ́n máa fi dí àyè náà. Nígbà tí a kó tiwọn náà sórí fìríìjì, ìjà ọ̀sẹ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sọ gbogbo fóònù náà kalẹ̀ padà. Ọpọ́n ayò bàbá ọkọ mi tó ti dolóògbé ló gbà mí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, eruku ti bò ó. Mo nù ún, mo ka ọmọ ayò sí i, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò 12, ó pé 48. Èmi fúnra mi kò mọ̀ ọ́n ta dáadáa, bí a ṣe jọ ń kọ́ ọ ló dùn mọ́ wọn. Ọmọbìnrin àárín yẹn, ọmọ ọdún 8 nígbà náà, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó máa nà mí láyò, kò sì mọ bí a ṣe ń ṣàánú àgbà. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ayò, a jọ ń ṣa ẹ̀wà, tàbí kí wọ́n máa pa àlọ́ àpamọ̀ fún ara wọn.

Ọ̀rọ̀ oorun ni mo ṣì ń kábàámọ̀ jù. Lárààárọ̀ ni mo máa ń na ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi nítorí pé kì í tètè dìde, pé ó ń wọ bàtà bí ẹni tó ṣì ń sùn. Lọ́jọ́ kan mo jókòó, mo ṣírò ó. Àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ láti 2016 pé ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́. Aago 5:30 là ń jí. Ẹ yọ wákàtí 9 níbẹ̀, aago 8:30 alẹ́ nìyẹn. Aago 11 lọmọ mi ń sùn, nítorí èmi ni mo tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, nítorí èmi náà kò tíì fẹ́ sùn. Oorun tí èmi jí gbé ni mo ń tìtorí ẹ̀ na ọmọ. Mi ò ní kí ẹ má bá ọmọ wí, mi ò sì ní pa irọ́ pé mi ò na ọmọ mọ́. Ohun tí mo rí ni pé pàṣán kò lè bá ọmọ dá àṣà sílẹ̀. Bí ẹni tó mú pàṣán bá ti jáde, àṣà náà ti jáde tẹ̀lé e. Ní báyìí, bí a bá kí Íṣáì tán, a ó fọ eyín, iná pálọ̀ á kú. Tèmi náà á kú. Mo ń padà jí lọ ṣe ìṣirò ìsọ̀ mi nígbà mìíràn, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n nínú yàrá mi ni.

Ti mínírà kò gba àlàyé gígùn. Igò oníke 50cl tí mo gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ṣúgà inú rẹ̀ lé díẹ̀ ní gíráàmù 10 nínú mìlílítà 100. Ìyẹn ju gíráàmù 50 lọ nínú igò kan. Bíi gíráàmù 50 yẹn ni òdiwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá lóòjọ́, tòun ti ṣúgà tíì àti ti bisikíìtì. A bu ṣíbí tíì 12 sínú ife kan, àwọn ọmọ wò ó, wọ́n ní "yé!" Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún béèrè mínírà. Rírí kò tó nǹkan kan. Ìgbà tí mi ò gbé páálí wálé láti ìsọ̀ mọ́ ló tó yí padà, nítorí èmi gan-an ni mo ń gbé e wálé. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan la fi í sí. Mo kọ́kọ́ sá lọ sídìí zobo, mo ń yangàn pé ohun ìbílẹ̀ ni, títí àkọ́bí mi fi ka iye ìgbà tí mo ti ọwọ́ bọ agolo ṣúgà.

Ìyá ọkọ mi wá dé láti Ọ̀yọ́, pẹ̀lú mínírà mẹ́fà nínú báàgì. Ẹ mọ̀ pé a kì í sọ fún ìyá ọkọ pé ó ń ba ọmọ jẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì fi mínírà náà pamọ́ di Jímọ̀. Lálẹ́ mo bẹ̀ wọ́n pé àwọn ọmọ yìí kò mọ àlọ́ Ìjàpá kankan, kí wọ́n gbà mí. Láti ìgbà náà àwọn ló ni àárín Màgàríbì sí Íṣáì bí wọ́n bá ti wà nílé. Nígbà tí àgbálùmọ̀ dé, mo sọ fún wọn pé òun làwọn ọmọ ń retí lọ́wọ́ màmá àgbà. Báàgì ti yí padà láìsí ìjà.

Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé ọjọ́ 21 ni àṣà fi ń mọ́ra. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, torí ọwọ́ ṣì ń yún mi lọ́jọ́ 30, mo wá rò pé èmi ni mo ní àléébù. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tọ́pinpin èèyàn 96 lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2010: ó tó bí ọjọ́ 66 kí nǹkan tó di ohun tí èèyàn ń ṣe láìronú, ẹlòmíràn lo ọjọ́ 18, ti ẹlòmíràn á tó 254. Wọ́n tún rí i pé bí èèyàn bá fo ọjọ́ kan, kò ba iṣẹ́ tó ti ṣe jẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí bárakú ṣe wọlé wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa jáde.

Tèmi tiẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Lọ́dún tó kọjá, ìyá tó bí mi lọ́mọ dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ìsẹ́yìn, fóònù kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Láàárín ìgbà náà gbogbo ilé ti padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, aago 11, tẹlifíṣọ̀n, mínírà ọjọ́ Túsìdéè. Agolo bisikíìtì di ibi tí à ń kó bátìrì tó ti kú sí. Nígbà tí ara ìyá mi yá, mo ń tijú láti tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àárín yẹn ló da bátìrì nù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé agolo padà sórí fìríìjì, ó ní, "Mọ́mì, ó ń wò yín o." Kò gbà wá ju ọjọ́ mẹ́rin-márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, ìyá wa, ẹ fi ti ọmọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ná. Ẹ wá agolo kan fún tiyín, ẹ wá àkókò kan tí kò gùn, ẹ má fi mínírà àti oorun kún un lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ̀ pé ẹ máa bèèrè ohun tí ẹ ó ṣe bí bàbá wọn kò bá gbà; ọ̀rọ̀ yẹn gùn, ládàánì sì ti ń pè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, màá dáhùn lẹ́yìn Íṣáì.