Báwo ni amọ̀ onípele nánò ṣe ń ran résìnì lọ́wọ́ láti kojú iná?

Ohun tó ń jó gan-an ni gáàsì tó ń jáde lára résìnì (ohun bí oje tó máa ń gan di líle bí ike) nígbà tí ooru bá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí iná náà rọlẹ̀ gbọ́dọ̀ dí ọ̀nà mọ́ gáàsì yẹn. Iṣẹ́ tí amọ̀ onípele nánò tí wọ́n ń pè ní montmorillonite ń ṣe nìyẹn. Ìpele rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò nípọn ju nǹkan bíi nánòmítà 1 (ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà) lọ. Bí résìnì tó wà lójú òde bá ṣe ń jó tán, àwọn ìpele wọ̀nyí á ṣẹ́ kù, wọn á kó jọ pẹ̀lú èédú, wọn á sì di èèpo dúdú tí kì í jẹ́ kí ooru ráyè wọlé tàbí kí gáàsì tètè jáde. Amọ̀ tó jẹ́ ìdá 3 sí 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún àpòpọ̀ náà lè dín agbára iná náà kù gidigidi, nígbà tó jẹ́ pé haidirọ́sáìdì ti alumíníọ̀mù, èròjà mìíràn tí wọ́n fi ń dín iná kù, lè gbà tó ìdá 60 tó bá jẹ́ òun nìkan, tí yóò sì mú kí résìnì náà ki jù láti dà.

Pípò rẹ̀ ló le jù. Amọ̀ fẹ́ràn omi, résìnì kò sì fẹ́ràn omi, nítorí náà a ní láti kọ́kọ́ fi iyọ̀ ammonium tọ́jú amọ̀ náà kí àwọn ìpele rẹ̀ lè yà kúrò lára ara wọn. Bó bá ṣù pọ̀, kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbójú lé amọ̀ nìkan o. Kì í dá résìnì dúró láti gbiná, kódà nígbà mìíràn résìnì náà lè tètè gbiná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń pò ó mọ́ èròjà onífọ́sífọ́rọ́ọ̀sì.