Ṣé eré ìdárayá lè ranni lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú sìgá?

Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ òun nìkan kò tó. Tí sìgá bá ń wu èèyàn mu, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, á rọlẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ ẹ bá ti ń wá páálí sìgá nínú àpò, dìde, ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, kó o rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, títí wàá fi máa mí gúlegúle díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù (ara á máa kan èèyàn gan-an!), torí nikotíìnì, ìyẹn èròjà inú sìgá tó ń mú kó di bárakú, ń kúrò lára. Fi ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì tàbí èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara kún un. Tí àyà bá ń dùn ẹ́, rí dókítà ná.