Ọ̀nà ìdárayá tó fẹ́ gba inú oko kọjá

Ìbéèrè: Àgbẹ̀ ni mí, mo sì tún jẹ́ káńsẹ́lọ̀ ní ẹ̀yìn ìlú Òṣogbo. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ kí káńsù la ọ̀nà ẹ̀bá odò tí wọ́n á ti máa sáré, tí wọ́n á máa gun kẹ̀kẹ́. Oko mẹ́fà ni yóò là já, tèmi wà níbẹ̀. Àwọn onílẹ̀ fárí gá. Ṣé a lè fi òfin gbà á?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ má tíì fa òfin yọ. Abala kẹfà Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 gba ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti mú ilẹ̀ fún ìlò ará ìlú, bí ilẹ̀ náà kò bá sí ní àgbègbè tí gómìnà ti kéde pé ó jẹ́ ìgboro. Òṣogbo ń fẹ̀ wọ inú oko lójoojúmọ́, nítorí náà iléeṣẹ́ ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bó bá sì kan Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, ó ti kọjá agbára káńsù nìkan.

Bí ẹ bá gba ilẹ̀, owó gbà-má-bínú di dandan fún ilé, irúgbìn àti igi eléso tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ náà ní tirẹ̀ níbẹ̀: òun kọ́ ló nilẹ̀, àmọ́ òun ló gbin kòkó.

Èmi á kúkú ní kí ẹ tọrọ àyè, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ káńsù ti máa ń ṣìṣe: wọ́n á mú ọmọ onílẹ̀ kan tó gbọ́ òyìnbó, á buwọ́ lùwé, ó parí. Kò tíì parí o. Ilẹ̀ ẹbí tí ẹnì kan gbé fún ẹlòmíì láìsí olórí ẹbí, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá sì dá a ṣe láìpe àwọn àgbà ẹbí, kóòtù lè wọ́gi lé e. Ẹ pe gbogbo wọn jókòó.

Ìdí peregún ààlà ni kí ọ̀nà náà máa tọ̀, kó má gba àárín ebè. Mo ti rí oko kan tí ẹrẹ̀ lé àwọn asáré kúrò lójú ọ̀nà. Kó tó pé oṣù kan, ọ̀nà kan ti di mẹ́ta, ebè iṣu mọ́kànlá ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé a ó ti ọ̀nà náà nígbà òjò, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tí yóò máa ro ó.

Ní ti oko tiyín, ìwé òfin 1999 kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba fi ọwọ́ kan da iṣẹ́ ìlú pọ̀ mọ́ èrè ara rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba ní ìpàdé, kí ẹ jáde síta nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dìbò. Lẹ́yìn náà, ẹ ro apá ọ̀nà tó gba ìdí oko yín kí ẹ tó lọ bá àwọn olóko márùn-ún yòókù, ẹ má sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.