Pọ́ọ̀ǹpù méjì, iná ọ́ìlì ò kú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Camry pencil light ni mo fi ń ṣe takisí láti Ọ̀fà sí Ìlọrin. Iná ọ́ìlì ń tàn, mẹkáníìkì ní pọ́ọ̀ǹpù ọ́ìlì ló ti kú, mo ra tòkunbọ̀ kan, ó dè é, a sítáàtì, iná ò kú, ló bá ní kí n máa tẹná pé ọ́ìlì máa gòkè, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún kọ́kọ́kọ́ bí ilé alágbẹ̀dẹ nìyẹn. A ra òmíì, bákan náà. Ó ti ń dárúkọ ẹlẹ́ẹ̀kẹta báyìí. Ṣé ayédèrú ni gbogbo wọn ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra ìkẹta. Ti pé kí ẹ máa tẹná yẹn gan-an ló bí mi nínú. Ẹ́ńjìnnì tí iná ọ́ìlì ẹ̀ ò bá kú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ẹ pa á kíá, irin ló ń ha irin níbẹ̀.

Ẹ rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi kànga, tẹ́ ò bá kọ́kọ́ bu omi sí i, á kàn máa yí lásán ni. Bẹ́ẹ̀ ni pọ́ọ̀ǹpù yín náà, gbígbẹ ni wọ́n dè é. Ẹ tú ìdérí ẹ̀yìn ẹ̀, rótọ̀ méjì (irin eléyín tó ń yí) ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú èkejì, ẹ fi fíílà géèjì, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, wọn àlàfo eyín wọn, tó bá ti ju 0.20 mm lọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Tó bá dáa, ẹ fi Vaselíìnì kún gbogbo àlàfo inú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá dé e. Kì í ṣe gíríìsì o, Vaselíìnì á yọ́ mọ́ ọ́ìlì gbígbóná, gíríìsì lè lọ dí ihò tíntìntín. (Èyí tí mo rà l'Ọjà Ọba lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó mi rò pé òun ni mo rà á fún.) Ẹ bu ọ́ìlì sí fílítà, ẹ yọ plug mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ já wáyà kọ́ìlì àti ti ìńjẹ́kítọ̀, kẹ́ ẹ máa kíkì díẹ̀díẹ̀, ẹ máa sinmi kí sítátà má bàa jó, títí iná á fi kú. Ìgbà yẹn lẹ tó lè dá wáyà padà.

Kẹ́ ẹ tó dè é, ẹ wo fáàfù inú pọ́ọ̀ǹpù yẹn, èyí tó ń dá ọ́ìlì padà tí pressure bá pọ̀ jù, ẹ fi ọ́ìlì pa á, ó yẹ kó fúnra ẹ̀ yọ̀ wọlé. Tó bá há ní ṣíṣí sílẹ̀, inú sọ́ọ̀mpù (àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì) ni ọ́ìlì á máa padà sí. Ẹ tún wo páìpù tó ń fa ọ́ìlì nísàlẹ̀, gáàsíkẹ́ẹ̀tì ẹnu ẹ̀ tí ò bá dì, atẹ́gùn ló máa fà. Wọ́n gbé Camry kan wá fún mi ní Gáà Àkàńbí, a tú sọ́ọ̀mpù, sílíkọ́nù, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ sọ́ọ̀mpù, ló bo gbogbo ojú asẹ́ páìpù yẹn, ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ti lò ó bíi bọ́tà.

Tí iná bá ṣì ń tàn, ẹ yọ swíìṣì ọ́ìlì, èyí tó ń tan iná yẹn, ẹ de géèjì tó ń wọn pressure ọ́ìlì síbẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, tẹ́ ò tẹná, pressure ò gbọdọ̀ dín ní 4.3 psi, tẹ́ ẹ bá tẹná dé 3000 rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), 36 sí 71 psi ni. Tí kò bá débẹ̀ pẹ̀lú pọ́ọ̀ǹpù tó dáa, bẹ́ríńnì kránkì, ìyẹn ibi tí ọ̀pá ńlá inú ẹ́ńjìnnì ti ń yí, ló kù. Pọ́ọ̀ǹpù ń ti ọ́ìlì lọ ni, bẹ́ríńnì tó há mọ́ kránkì ló ń sé e tí pressure fi ń gòkè. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sì ti tẹná lórí gbígbẹ, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Ìbéèrè: Camry bíi ti ẹni tó kọ́kọ́ béèrè yẹn ni tèmi. Tí mo bá sáré láti Òmù-Àrán dé Ajàṣẹ́ Ìpó tí mo dúró, iná á tàn, tí mo bá tẹná díẹ̀ á kú. Wọ́n ní kí n da ọ́ìlì 20W-50 tó ki sí i.

Ìdáhùn: Ọ́ìlì tó ki á gbé e sókè díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ bẹ́ríńnì tó ti jẹ ò ní hù padà. Swíìṣì ọ́ìlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, owó ẹ̀ ò pọ̀, nígbà míì òun ló ń purọ́. Tí kò bá yí padà, géèjì, nọ́ńbà tí mo kọ sókè yẹn náà ni. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má gbé e kọjá Ajàṣẹ́.