Ṣé Owó Ṣọ́ọ̀bù Ni Kò Jẹ́ Kí Ọjà Wa Pọ́ọ́kú Bíi Ti Orí Íntánẹ́ẹ̀tì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá oníṣirò. Ohun èlò ilé ìdáná ni mò ń tà ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́: ìkòkò, abọ́, kẹ́tùlù oníná àti bílẹ́ńdà. ₦22,700 ni mo ń ra bílẹ́ńdà kan ní Ìbàdàn, mo sì ń tà á ní ₦28,000. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kan yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tẹ̀yìn, ó ní kí n tàn án kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó fi irú rẹ̀ gan-an hàn mí lórí fóònù ní ₦23,500, ó sì bá tirẹ̀ lọ. ₦180,000 ni owó ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún, ọjà tí mò ń tà lóṣù jẹ́ nǹkan bíi ₦1,500,000, mo sì yá ₦500,000 ní báńkì kékeré kan. Ẹnì kan tí ń kọ́ àwọn ènìyàn ní òwò sọ pé owó ṣọ́ọ̀bù ló ń pa mí, pé kí n kó kúrò, kí n sì san ₦45,000 kí òun kọ́ mi bí a ṣe ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọrọ̀ ajé. Ẹ má tíì kó ẹrù yín kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má sì san ₦45,000 fún ẹnikẹ́ni. Irú ìbéèrè yìí ti wá pọ̀ lọ́dọ̀ àwa tí a ń bá àwọn oníṣòwò yẹ ìwé owó wọn wò, ohun tí ó sì ń bí mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn tí ń pe ara wọn ní olùkọ́ òwò ń tà fún gbogbo ènìyàn, láìbéèrè ìwé ọjà lọ́wọ́ ẹnì kankan: wọ́n ní àwọn tí ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í san owó ṣọ́ọ̀bù, ìdí nìyẹn tí ọjà wọn fi pọ́ọ́kú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, iye tí ẹ̀yin fúnra yín kọ ránṣẹ́ ni n ó sì fi hàn yín.

₦180,000 lọ́dún jẹ́ ₦15,000 lóṣù. Bí ẹ bá ń ta ọjà ₦1,500,000 lóṣù, a jẹ́ pé nínú gbogbo ₦100 tí ó bá wọlé fún yín, ₦1 péré ni ti onílé. Lórí bílẹ́ńdà tí ẹ ń tà ní ₦28,000, owó ṣọ́ọ̀bù tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ₦280. Àlàfo tí ó wà láàárín iye yín àti iye tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fi hàn yín sì jẹ́ ₦4,500. Bí onílé bá tilẹ̀ fi ṣọ́ọ̀bù náà ta yín lọ́rẹ títí ayé, tí ẹ sì yọ gbogbo owó náà kúrò lórí ọjà, ₦27,720 ni ẹ óò máa ta bílẹ́ńdà kan. Akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò ṣì bá tirẹ̀ lọ.

N kò sọ pé owó ilé kì í ni oníṣòwò lára. Ẹni tí ó bá gba ṣọ́ọ̀bù olówó gọbọi, tí ọjà rẹ̀ kò sì yá, lè tìtorí rẹ̀ kógbá sílé, àwọn tí ó wà ní Balógun tàbí ní Ìkẹjà ní Èkó sì mọ ohun tí ojú wọn ń rí lọ́wọ́ onílé. Ti yín kò sí lára irú èyí, ẹni tí ó bá sì ní kí ẹ torí ₦15,000 lóṣù fi ibi tí àwọn oníbàárà ti mọ̀ yín sílẹ̀ kò ṣe yín lóore.

Kì í tún ṣe òótọ́ pé àwọn ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í san owó ilé. Ilé ìkẹ́rùsí wọn tóbi ju ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Wọ́n ń sanwó fún àwọn tí ń di ẹrù, àwọn ọlọ́kadà tí ń gbé e kiri, àwọn tí ń dáhùn ìpè oníbàárà, wọ́n sì ń ná owó ńlá lórí ìpolówó. Jumia àti Konga tí wọ́n jẹ́ ilé ìtajà ńlá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọdún 2012 ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Wọ́n ta Konga fún ilé iṣẹ́ Zinox ní 2018. Jumia wọ ọjà ìpín ìdókòwò ní New York ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni ó ń kéde àdánù, ó pa ẹ̀ka oúnjẹ rẹ̀ tì ní ìparí 2023, ó sì kúrò ní South Africa àti Tùnísíà ní ìparí 2024. Amazon ti Amẹ́ríkà pàápàá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1994, ó di 2003 kí ó tó jèrè fún odidi ọdún kan. Bí ó bá jẹ́ pé àìsan owó ṣọ́ọ̀bù ni àṣírí ọ̀rọ̀ náà, ibo ni àdánù ọdún púpọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wá? Nígbà mìíràn, ẹ̀dínwó tí ẹ ń rí lórí fóònù kì í ṣe ọgbọ́n òwò kankan, owó àwọn olùdókòwò ni wọ́n fi ń ti ọjà náà lẹ́yìn kí orúkọ wọn lè gbilẹ̀. Ẹ̀yin kò ní irú owó bẹ́ẹ̀, ẹ má sì bá ẹni tí ó ní in dupò nípa jíjá iye ọjà yín wálẹ̀ títí owó òwò yóò fi tán lọ́wọ́ yín.

Ibi tí àlàfo náà ti wá gan-an ni iye ọwọ́ tí bílẹ́ńdà náà gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí á tú u wò. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye tí n ó dá sílẹ̀ yìí, yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ti sọ, nítorí n kò rí ìwé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ọjà náà tọwọ́ wọn wá. Ká ní ẹni tí ó fi kọ̀ńtínà kó o wọlé láti Ṣáínà ń tà á ní ₦20,000 fún ẹni tí ó bá ń ra ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Alárọ́bọ̀ kan ní Alábà, ní Ọ̀jọ́, fi ₦1,200 lé e, ó di ₦21,200. Èyí tí ó wà ní Ìbàdàn fi ₦1,500 lé e, ó di ₦22,700 tí ẹ ń rà á. Owó mọ́tò àti ti alábàárù láti Ìbàdàn dé Sábó jẹ́ ₦800, ó ti di ₦23,500. Iye tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fi hàn yín gan-an nìyẹn o, bẹ́ẹ̀ ni bílẹ́ńdà náà kò tíì dé orí àtẹ yín! Èlé owó tí ẹ yá, èyí tí ó fọ́ lọ́nà àti àwìn tí àwọn ènìyàn kò san tó ₦1,000. Owó ṣọ́ọ̀bù, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ọmọ tí ń bá yín tajà, ẹ jẹ́ kí á pè é ní ₦1,300. Ohun tí ó kù fún yín ni ₦2,200.

Ẹni tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹni tí ń ra ọgọ́rọ̀ọ̀rún tààrà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni kọ̀ńtínà náà. Láti orí ₦20,000, ó san nǹkan bíi ₦2,300 fún owó tí ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ń yọ lórí ọjà tí ó bá tà níbẹ̀ àti fún páálí ìdirù, ó fi ₦1,200 ṣe èrè. Èrè rẹ̀ lórí ẹyọ kan kò tó tiyín. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin bá ta bílẹ́ńdà 6 lóṣù, ₦13,200 ni ẹ rí. Bí òun bá ta 2,000 káàkiri Nàìjíríà, ₦2,400,000 ni. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè gba èrè kékeré, tí ẹ̀yin kò sì gbọdọ̀ dán irú rẹ̀ wò. Ohun kan tún wà tí ènìyàn kì í rí: láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye tí a óò fi ṣẹ́ ẹ sí dọ́là, ẹni tí ó bá kó ọjà wọlé nígbà tí dọ́là rọ̀ lè máa tà á ní iye tí òun fúnra rẹ̀ kò ní lè rà á mọ́ bí èyí tí ó wà nílẹ̀ bá tán.

Kí n tún ọ̀rọ̀ kan ṣe nínú ìbéèrè yín. ₦23,500 kì í ṣe iye tí bílẹ́ńdà náà yóò ná akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Ẹ ní kí ọmọ yín ṣí ojú ewé yẹn lórí fóònù, kí ó tẹ ibi tí a ti ń rà á, kí ó sì máa bá a lọ títí dé ibi tí wọ́n ti kọ àdírẹ́sì: ibẹ̀ ni owó ìfiránṣẹ́ máa ń sá pamọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ ₦2,000 dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọjà náà ti di ₦25,500. Owó yìí kì í dọ́gba, ẹni tí ó bá lọ gbà á fúnra rẹ̀ ní ibùdó wọn lè san èyí tí ó kéré sí i, nítorí náà ẹ wò ó lójú ara yín kí ẹ tó fi bá oníbàárà jiyàn. Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ayédèrú ni gbogbo ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ayédèrú wà níbẹ̀, ó wà ní ọjà tiwa náà, ọmọ tí ó bá sì ti ra ojúlówó níbẹ̀ rí kò ní gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ mọ́.

Ní ti ohun tí ẹ lè ṣe, orí gbèsè yẹn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kò sọ iye èlé tí báńkì náà ń gbà. Bí ó bá jẹ́ 4% lóṣù lórí ₦500,000, ₦20,000 ni ẹ ń san lóṣù kan, èyí tí ó ju owó ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín lọ. Ẹ bi wọ́n bóyá orí owó tí ẹ kọ́kọ́ yá ni wọ́n ṣì ń ṣírò èlé náà lé, bí ẹ tilẹ̀ ti san ìdajì rẹ̀ padà. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èlé tí ẹ ń san ga ju iye tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ púpọ̀, owó àjọ tàbí ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sì sàn fún yín. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tuntun kankan kí ẹni tí ó mọ ìṣirò tó bá yín kà á. Ìdáhùn tí mo kọ láìrí ìwé yín kò lè rọ́pò ìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá oníṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ jọ ń ta irú ọjà kan náà, kí ẹ jọ dá owó, kí ẹ sì ra páálí púpọ̀ tààrà ní Alábà, láìgba ọ̀dọ̀ alárọ́bọ̀ Ìbàdàn. Owó mọ́tò láti Èkó yóò jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè rí ₦1,000 lórí ẹyọ kan. Ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀, pàápàá ẹni tí yóò ru ẹrù èyí tí ó bá fọ́, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá tún rí ₦500 nínú èlé àti àwìn, ẹ lè máa ta bílẹ́ńdà náà ní ₦26,500. Àlàfo tí ó wà láàárín rẹ̀ àti ₦25,500 tí a ṣírò lókè ti di ₦1,000 nìyẹn, láìkó kúrò níbì kankan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò san ₦1,000 kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ẹ̀rọ kí wọ́n tó rà á, kí wọ́n sì fi lọ ata lálẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹ bá gbà láti pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn bí ó bá yọnu. Bí àkọlé tí ó ní ọjà tí a bá ti tà kò ṣeé dá padà bá wà ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ yọ ọ́. Òfin ọdún 2018 tí ó dá FCCPC, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, sílẹ̀ fún olùrà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí ó lábùkù padà, ì báà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ì báà jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ tún máa kó àwọn ohun kéékèèké tí owó ìfiránṣẹ́ ju iye wọn lọ: ife bílẹ́ńdà, abẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, rọ́bà ìdérí ìkòkò, okùn kẹ́tùlù. Ẹni tí abẹ bílẹ́ńdà rẹ̀ bá kú ní Under G, ní àdúgbò LAUTECH, kò ní fẹ́ san ₦2,000 kí wọ́n fi ọjà ₦1,500 ránṣẹ́ sí i láti Èkó.

Bí ó bá sì wù yín láti tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp lónìí pẹ̀lú ọjà tí ó wà nílẹ̀, kò gba ₦45,000. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá kankan, ẹ béèrè iye tí wọn yóò máa yọ lórí ọjà kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí owó yóò máa wọlé fún yín lẹ́yìn títà, àti ẹni tí yóò san owó mọ́tò bí olùrà bá dá ọjà padà. Ẹ gba ìdáhùn wọn ní kíkọ.