Ẹkùn tó wọ bùbá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, Lọ́ńdọ̀nù la ń gbé. Ilé ìwé kó ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, lọ sí National Gallery, ó rí àwòrán ẹkùn tó lúgọ nínú ìjì, èyí tí Henri Rousseau yà. Látìgbà náà, igbó ló ń yà ṣáá: ewé aláwọ̀ aró, ẹkùn tó wọ bùbá. Ó ní ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgbà ní Àkúrẹ́ ni. Kò dé Àkúrẹ́ rí! Bàbá rẹ̀ ní irọ́ ni mò ń kọ́ ọ. Ṣé kí n dá a dúró ni?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má dá a dúró o. Ọmọ Oǹdó ni mí, ọkùnrin mẹ́ta ni mò ń tọ́ ní Dublin, mo sì mọ irọ́ tí mo bá gbọ́ ọ. "Ta ló mú ẹran inú ọbẹ̀?" "Èmi kọ́." Irọ́ nìyẹn.

Ẹni tó ya ẹkùn yẹn gan-an kò wọ irú igbó bẹ́ẹ̀ rí. Oníbodè ni ní Paris, ó ń gba owó lórí ẹrù tó ń wọ̀lú. Àwọn kan ní ó bá wọn jagun dé Mẹ́síkò. Kò débì kankan, Faransé ló wà títí ó fi kú ní 1910. Ọgbà Jardin des Plantes ló máa ń lọ, tó ń wo ewé ilẹ̀ olóoru nínú ilé onígíláàsì. Ní 1891 ló ya ẹkùn náà. Ẹ tún un wò dáadáa: lójú tèmi, òdòdó inú ìkòkò ló sọ di igi ńlá.

Ewé gidi ni kí ẹ wá fún un. Àbíkẹ́yìn mi ya igi kòkó lọ́jọ́ kan, ó so ó sí ṣóńṣó ẹ̀ka bí ọsàn. Mo pe màmá mi lórí WhatsApp. Màmá gbé fóònù dé ìdí kòkó, ó ní, "Ọkọ mi, wò ó, ara igi níbí ló ń so sí." Ọmọ lanu. Lọ́jọ́ kejì, ó ya erin tí kòkó so sí lẹ́sẹ̀.

Ẹ kàn sọ fún tiyín pé ẹkùn onílà, Éṣíà ni tirẹ̀. Tiwa, tótòtó ló wà lára rẹ̀. Kó mọ̀, kó wá ya èyí tó bá wù ú.

Lọ́jọ́ Sátidé, kí Bàbá rẹ̀ fúnra wọn pe Ìyá Àgbà. Àárọ̀ ni kí wọ́n pè é, kí oòrùn tó mú.