Ṣé kí n pa oògùn ìsoríkọ́ tì nítorí abẹ́rẹ́ acupuncture?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ìsoríkọ́ tó ń ṣe mí kò le púpọ̀. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún mi lára ní kí n pa oògùn mi tì kí abẹ́rẹ́ lè ráyè ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀melòó ni yóò gún mi kí ara mi tó yá?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa oògùn yẹn tì. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò ń gbọ́ irú ìmọ̀ràn yìí, inú sì ń bí mi sí i. Ẹni tó bá dá oògùn ìsoríkọ́ dúró lójijì, òòyì lè máa kọ́ ọ, èébì lè máa gbé e, kí orí rẹ̀ sì máa ta gìrì bí ẹni tí iná mànàmáná gbé. Wọn á wá ní ìdọ̀tí oògùn ló ń jáde lára yín. Irọ́ ni! Oògùn náà ti mọ́ ọpọlọ lára. Bí ẹ ṣe já a gbà lójijì ló ń dà á láàmú. Dókítà tó kọ ọ́ fún yín ni kó bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀, bí ó bá tó àkókò.

Oògùn kì í sì í dí abẹ́rẹ́ lọ́nà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba, tí wọ́n gbé jáde ní 2013, ènìyàn 755 ló kópa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń lo oògùn wọn lọ. Àwọn tí wọ́n gún, tó ẹ̀ẹ̀mejìlá, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ara wọn fúyẹ́ ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá nìkan lọ. Àmọ́ àwọn tí wọ́n kàn jókòó tì, tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, náà rí ìtura. Ìsoríkọ́ tiwọn sì le ju tiyín lọ, nítorí náà mi ò lè ṣèlérí iye ìgbà kankan fún yín. Nígbà tí Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, yẹ ìwádìí 64 nípa abẹ́rẹ́ yìí fún ìsoríkọ́ wò ní 2018, ẹ̀rí tí wọ́n rí kò lágbára.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹ fi kún ìtọ́jú yín. Kí wọ́n já abẹ́rẹ́ tuntun nínú ọ̀rá lójú yín. Bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ àyà ni wọ́n fẹ́ gún, ẹ bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọ́n kọ́, torí abẹ́rẹ́ lè dá ẹ̀dọ̀fóró lu.

Bí èrò pé kí ẹ kú bá sọ sí yín lọ́kàn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ọjọ́ abẹ́rẹ́.